Bí Kọ̀ǹpútà Bá Ní Òun Ò Rí Háàdì Dísìkì: Ọ̀nà Tí À Ń Tọ̀ Kí A Tó Gbà Pé Ó Kú

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun, ọmọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa nítòsí Ọlá-Ìyá, níhìn-ín l'Óṣogbo. Iṣẹ́ fídíò ló ń ṣe. Gbogbo ohun tó yà nínú oṣù kẹjọ yẹn, láti ìgbà tí Arugbá jáde títí èrò fi padà láti etí odò, inú háàdì dísìkì kan ṣoṣo ló kó wọn sí, òun àti fídíò ìgbéyàwó mẹ́ta tí kò tíì fi jíṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní ó ti kú, kí n lọ ra òmíràn." Mo gbé etí lé e. Dísìkì ń yí, ohùn rẹ̀ já geere. Kébù tó so ó mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá inú ẹ̀rọ, ni ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ti tẹ̀ títí tó fi ṣẹ́ nínú. A fi òmíràn sí i, dísìkì yọjú, gbogbo fídíò wà níbẹ̀.

Díẹ̀ ló kù kí ọmọ yẹn sọ ọ́ nù. Ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: ọ̀pọ̀ dísìkì tí wọ́n ń pè ní òkú, ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ wọn ló bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá tan ẹ̀rọ

Lára mọ́dábọ́ọ̀dù ni kọ́ńtúrólà dísìkì wà, ìyẹn chip tó ń bá dísìkì sọ̀rọ̀. Bí iná bá ti wọlé, á lọ síwájú pọ́ọ̀tì SATA kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ihò tí kébù dísìkì ń wọ̀, bí àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà: "Àgò onílé o!" Dísìkì tó bá wà níbẹ̀ á ní, "Àgò yà." Wọn á fẹnu kò lórí bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe yára tó láàárín wọn, ìyẹn 1.5, 3 tàbí 6 gígábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà ni dísìkì yóò sọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó, kí BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó wọlé, tó lè kọ ọ́ sójú.

Bí a bá ké àgò tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ó lè jẹ́ pé onílé sùn, nítorí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohùn kò dé inú ilé, nítorí kébù ti já. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn pa nínú sẹ́tìn. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń ké àgò gan-an ló yadi, ìyẹn kọ́ńtúrólà fúnra rẹ̀. Pé onílé ti kú, ibẹ̀ ni kí ẹ parí èrò sí, ẹ má ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì ni mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ oníbàárà. Àkọ́kọ́, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó pààrọ̀ kébù, pọ́ọ̀tì àti sẹ́tìn pa pọ̀ lè rí dísìkì padà, ṣùgbọ́n kò ní mọ èyí tó jẹ́ àìsàn, àìsàn náà yóò sì padà wá. Ìkejì, bí Windows bá béèrè pé kí ẹ Initialize tàbí kí ẹ Format dísìkì tí fáìlì oníbàárà wà nínú rẹ̀, Cancel ni kí ẹ tẹ̀. Mo ti rí ẹni tó tẹ OK nítorí pé ẹ̀rọ ló ní kí òun tẹ̀ ẹ́. Ẹkún obìnrin tó ni fọ́tò ọmọ rẹ̀ tó ti di olóògbé nínú dísìkì yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Níbo ni wọn ò ti rí i?

Ẹ wọ inú BIOS kí ẹ tó mú screwdriver. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, Delete tàbí F2 ni ẹ máa tẹ̀ bí ẹ bá ti ń tàn án. HP sábà máa ń lo F10, ThinkPad ń lo F1. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Storage, SATA Configuration tàbí Boot sí.

Bí orúkọ dísìkì àti ìwọ̀n rẹ̀ bá wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ, kọ́ńtúrólà ti rí i, Windows ló ń dà yín láàmú. Ẹ lọ sí apá Windows nísàlẹ̀. Bí orúkọ bá wà ṣùgbọ́n tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0, tàbí tí orúkọ náà jẹ́ lẹ́tà tí kò nítumọ̀, ara dísìkì ni kí ẹ fura sí. Bí kò bá sí nǹkan kan rárá, ẹ ká lọ.

Iná

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́kù lè gbẹ. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́. Nígbà ọyẹ́, tí ara gbogbo wa gbẹ tí aṣọ ń ta pàràpàrà, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin kéèsì kí ẹ tó fọwọ́ kan mọ́dábọ́ọ̀dù. Iná kékeré tó ń ta yín ní ìka yẹn lè pa chip.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún un tàn, kí ẹ tẹ́tí. SSD, ìyẹn dísìkì tí kò ní àwo tó ń yí, kò ní ohùn, ṣùgbọ́n dísìkì aláwo gbọ́dọ̀ gbéra, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe ń yí. Bí ó bá ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Orí tó ń ka àwo ló ń wá ojú ọ̀nà tí kò rí, ó sì lè máa họ àwo náà nígbàkígbà tí ẹ bá tún un tàn. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi ka apá tó kẹ́yìn.

Bí ó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ pààrọ̀ orí wáyà iná tó wọ̀ ọ́ sí òmíràn láti ara power pack (àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ) kan náà. Àwọn orí tí a fi splitter yọ máa ń tú nínú, mo sì fẹ́ràn kí ẹ yọ splitter kúrò pátápátá nígbà ìdánwò. Bí ẹ bá ní mítà, ẹ fi ẹsẹ̀ dúdú rẹ̀ kan wáyà dúdú. Wáyà ofeefee gbọ́dọ̀ fún yín ní 12V, kò gbọ́dọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ 11.4 tàbí kọjá 12.6. Wáyà pupa jẹ́ 5V, láàárín 4.75 sí 5.25. Dísìkì ńlá inú desktop nílò méjèèjì: 12V ló ń yí àwo rẹ̀, 5V ló ń bọ́ pátákó abẹ́ rẹ̀. Dísìkì kékeré ti láptọ́ọ̀pù, 5V nìkan ló ń lò. Ẹ wọn iná náà nígbà tí dísìkì wà lórí wáyà. Power pack tó ti rẹ̀ lè fi 12V pípé hàn yín nígbà tí kò gbé ẹrù, kí ó sì wó lulẹ̀ ní kété tí dísìkì bá fẹ́ gbéra.

Àmì kan wà tí mo ti fi mú power pack bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Láàárọ̀ tí ẹ̀rọ tutù, kò ní rí dísìkì. Bí ẹ bá pa á tí ẹ tún un tàn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tó ti gbóná díẹ̀, á rí i. Àwọn oníbàárà á ní, "Ó kàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn ni." Kò ní pẹ́ tí kò fi ní rí i mọ́ rárá. Ẹ yọjú wo inú power pack láti ojú fáànù rẹ̀ pẹ̀lú iná fóònù, láìṣí i: bí orí capacitor, àwọn nǹkan bí agolo kékeré tó ń tọ́jú iná, bá wú, ẹ pààrọ̀ power pack. Ẹ má tú inú rẹ̀ bí ẹ kò bá kọ́ iṣẹ́ náà, nítorí iná tó lè pa ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri.

Èyí tó tún wọ́pọ̀ níbi tí iná ọba ti ń já wọlé pẹ̀lú agbára: ẹ so dísìkì mọ́ ẹ̀rọ, gbogbo kọ̀ǹpútà kọ̀ láti tàn, ẹ yọ ọ́, kọ̀ǹpútà tàn. Létí ibi tí iná ń gbà wọ pátákó abẹ́ dísìkì, àwọn nǹkan dúdú kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní TVS diode. Iṣẹ́ wọn ni láti fi ara wọn gba ìjà iná kí dísìkì má baà kú. Bí ọ̀kan bá ti gba ìjà náà, á so 12V tàbí 5V mọ́ ilẹ̀, power pack á sì ti ara rẹ̀ pa. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí irú rẹ̀, nítorí fáìlì sábà máa ń wà láìfarapa. Ẹni tó mọ soldering dáadáa lè yọ diode náà, kí ẹ kó fáìlì kúrò lórí power pack tó dára, nítorí kò sí ohun tó ń dáàbò bò ó mọ́.

Ọ̀kan kù tí kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ sùn. Àwọn kan máa ń ra háàdì ńlá ti ìta (external), wọ́n á tú u, wọ́n á gbé dísìkì inú rẹ̀ sínú desktop. Lára irú dísìkì tuntun bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kẹta ibi iná SATA ti di ẹsẹ̀ ìpaná: bí 3.3V bá kàn án, dísìkì kò ní gbéra. Ẹ lo wáyà tó ń yí Molex, orí iná àtijọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, sí SATA, nítorí Molex kò ní 3.3V, tàbí kí ẹ fi tépù tí kì í gbé iná bo ẹsẹ̀ náà.

Kébù

Kébù SATA ní ẹsẹ̀ 7, iná rẹ̀ ní 15. Ẹ fi ojú wo ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn bóyá ìkankan tẹ̀ tàbí dúdú. Ẹ pààrọ̀ kébù sí èyí tí ẹ mọ̀ dájú pé ó ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ mìíràn. Òmíràn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ he nínú àpótí wáyà kì í ṣe ẹ̀rí. Èyí tó ní irin kékeré tó ń há ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kébù tí kò ní in máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí fáànù bá ń mi ẹ̀rọ.

Nínú láptọ́ọ̀pù, wáyà pẹlẹbẹ tín-ínrín ló sábà máa ń gbé dísìkì. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi írésà funfun nu ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ fi isopropyl alcohol nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó dá a padà. Eruku Òṣogbo ní oṣù kìíní kò ṣeé fojú di, pàápàá fún ẹ̀rọ tó wà létí ọ̀nà Alékúwodò tàbí Òkè-Fìà tí ọkọ̀ ń kọjá látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bí dísìkì bá máa ń yọjú nígbà mìíràn, ẹ lè mú kó jẹ́rìí fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí CrystalDiskInfo, ètò tó ń ka ìlera dísìkì, ẹ wá ìlà C7, ìyẹn iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti dàrú lójú ọ̀nà láàárín dísìkì àti kọ́ńtúrólà. Iye náà kì í padà sẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ kébù, ẹ da fáìlì ńlá kan láti ibì kan sí ibòmíràn, kí ẹ tún un wò. Bí ó bá dúró sójú kan, kébù ni. Bí ó bá ń gòkè síbẹ̀, ẹ máa fura sí pọ́ọ̀tì tàbí pátákó dísìkì.

Fún àwọn IDE àtijọ́, irú dísìkì tó wà ṣáájú SATA, tí ilé ìwé kan ṣì ń lò: kébù pẹlẹbẹ oníwáyà 80, orí búlúù rẹ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù ló ni, orí dúdú ti Master (dísìkì àkọ́kọ́), orí eérú ti Slave (èkejì). Bí dísìkì méjì bá wà lórí kébù kan tí jumper (ike kékeré tó ń yan ipò dísìkì) àwọn méjèèjì jẹ́ Master, kò ní rí ìkankan dáadáa.

Pọ́ọ̀tì àti kọ́ńtúrólà fúnra rẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń yanjú. Ẹ nílò dísìkì kan tó dá yín lójú pé ó yè, àti ẹ̀rọ kan tó dá yín lójú pé ó ń ríran. Ẹ gbé dísìkì tó yè sórí pọ́ọ̀tì àti kébù tí ẹ ń fura sí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé dísìkì tí ẹ ń fura sí lọ sórí ẹ̀rọ tó ń ríran. Bí dísìkì tó yè bá yọjú, tí èkejì kò yọjú níbikíbi, dísìkì ló ń ṣàìsàn. Bí dísìkì yín bá yọjú lórí ẹ̀rọ kejì, tí èyí tó yè kò yọjú lórí tiyín, pọ́ọ̀tì tàbí kọ́ńtúrólà yín ni. Bí àwọn méjèèjì bá yọjú níbi gbogbo, kébù tàbí orí iná tí ẹ yọ tí ẹ sì dá padà ló ti ṣí tẹ́lẹ̀. Ẹ padà síbẹ̀ kí ẹ má gbé ẹ̀rọ náà fún oníbàárà bẹ́ẹ̀. Wáyà tó ń yí SATA sí USB wúlò púpọ̀ fún ìdánwò yìí, ṣùgbọ́n dísìkì ńlá ti desktop nílò èyí tó ní iná 12V tirẹ̀. USB lásán kò lè yí i.

Ẹ dán gbogbo pọ́ọ̀tì wò. Lórí àwọn mọ́dábọ́ọ̀dù kan, chip méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń darí wọn, ọ̀kan sì lè kú kí èkejì yè. Lórí ọ̀pọ̀ tuntun, bí ẹ bá ki dísìkì M.2, SSD pẹlẹbẹ kékeré, bọ ihò rẹ̀, pọ́ọ̀tì SATA kan tàbí méjì á pa, nítorí ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ìwé mọ́dábọ́ọ̀dù yóò sọ èyí tó kàn. M.2 fúnra rẹ̀ pín sí SATA àti NVMe, èyí tó ń gba ọ̀nà PCIe tó yára jù. Ihò tó gba NVMe nìkan lè gbé M.2 SATA wọlé dáadáa kó má sì rí i láé. Mo ti rí ẹni tó dá dísìkì tuntun padà fún onísọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin tó ń ra tòkunbọ̀, ẹ fetí sí èyí. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, Intel kéde pé chip ẹbí 6 Series tó kọ́kọ́ jáde ní àbùkù: àwọn pọ́ọ̀tì oní-3 gígábíìtì lè máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn ò fi ní ríran dáadáa mọ́. Pọ́ọ̀tì 0 àti 1, tí wọ́n jẹ́ oní-6, kò ní àbùkù náà. Bí irú ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn bá ń sọ dísìkì nù, ẹ gbé dísìkì sí méjì yẹn kí ẹ tó ná owó kankan.

Bí kọ́ńtúrólà bá ti kú lóòótọ́, ẹ má sọ mọ́dábọ́ọ̀dù nù. Káàdì SATA tó ń wọ ihò PCIe wà lọ́jà. Ẹ pa kọ́ńtúrólà tó kú nínú BIOS, ẹ fi káàdì sí i, ẹ̀rọ náà ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀.

Bí ó bá jẹ́ káàdì RAID ti ọ́fíìsì ni, èyí tó ń so dísìkì púpọ̀ pọ̀ bí ẹyọ kan (array), ẹ lẹ bébà nọ́ńbà mọ́ dísìkì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí pọ́ọ̀tì rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ̀kan kúrò, kí ẹ má sì gbà bí káàdì bá ní kí ẹ dá array tuntun sílẹ̀.

Sẹ́tìn

Ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé BIOS kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá BitLocker, àgádágodo Windows lórí dísìkì, wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí ìyípadà nínú BIOS lè mú kó béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé àwọn ní.

Ẹ wò ó bóyá SATA Controller tàbí pọ́ọ̀tì náà wà ní Disabled. Ẹ pa Fast Boot: dísìkì aláwo tó ti dàgbà lè pẹ́ kó tó gbéra, BIOS tó ń kánjú kò ní dúró dè é.

Bí déètì ẹ̀rọ bá ń padà sẹ́yìn nígbàkígbà tí ẹ bá yọ ọ́ lára iná, bátìrì CR2032 ti gbẹ. Bátìrì 3V kékeré yẹn ló ń rántí sẹ́tìn, bí ó bá sì gbẹ, BIOS lè yí ọ̀nà tí kọ́ńtúrólà ń gbà bá dísìkì sọ̀rọ̀ padà láti AHCI sí RAID tàbí IDE fúnra rẹ̀. Windows á bẹ̀rẹ̀, á kọ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE lójú búlúù, wọ́n á ní dísìkì kú. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ dá sẹ́tìn padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n fi Windows sí i.

Lórí láptọ́ọ̀pù Intel láti ìran 11 síwájú, ẹ lè fẹ́ fi Windows sí i kó ní òun ò rí dísìkì kankan, bẹ́ẹ̀ BIOS rí i kedere. VMD ló fà á, sẹ́tìn Intel kan tó ń gba dísìkì sábẹ́ ara rẹ̀, tí Windows kò lè rí i láìsí dráfà. Ẹ da dráfà Intel RST sórí fláàṣì, ẹ tẹ Load driver. Ẹ lè pa VMD bí ẹ̀rọ náà bá ṣófo, ṣùgbọ́n bí Windows tí VMD wà lára rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní tàn mọ́ bí ẹ bá pa á.

Bí BIOS bá rí i tí Windows kò rí i

Ẹ ṣí Disk Management. Bí ó bá kọ Offline, ẹ sọ ọ́ di Online. Bí kò bá ní lẹ́tà, ẹ fún un. Bí ó bá kọ RAW, ìyẹn ni pé Windows kò lè ka ètò fáìlì inú rẹ̀, ẹ má ṣe format. Ẹ kó fáìlì kúrò ná. Dísìkì tuntun tó ju 2TB lọ, GPT ni kí ẹ fi sí i nígbà tí ẹ bá ń pín in, nítorí MBR, ọ̀nà ìpín àtijọ́, kò lè kà kọjá ibẹ̀.

Bí ojú bá ṣì rú yín, ẹ tan ẹ̀rọ láti orí fláàṣì Ubuntu, ẹ kọ `sudo dmesg | grep -i ata` sínú Terminal, kí ẹ ka ohun tí ẹ̀rọ kọ nípa dísìkì nígbà tó ń tàn. "SATA link up 6.0 Gbps" ni àgò yà. "SATA link down" ni pé kò sí ẹni tó dáhùn lórí pọ́ọ̀tì yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa kọ fún pọ́ọ̀tì tó ṣófo. "COMRESET failed" túmọ̀ sí pé wọ́n ké àgò, nǹkan kan mira nínú ilé, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀: kébù, iná, tàbí dísìkì. Bí ẹ bá rí i pé ó ń já yíyára rẹ̀ kù láti 6.0 sí 3.0 sí 1.5, kébù ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀.

Bó bá jẹ́ dísìkì náà ni

Ẹ bi oníbàárà ní ìbéèrè kan: ṣé nǹkan wà nínú rẹ̀ tí kò ṣeé rọ́pò? Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí dísìkì ń dún kọ̀kọ̀ tàbí tó ti jábọ́ rí, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní yàrá tí eruku kì í wọ̀. Ẹ má ṣí ìdérí àwo rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, láé.

Ẹ má kàn gbé pátákó abẹ́ dísìkì mìíràn sí i nítorí pé nọ́ńbà wọn bára mu. Lórí ọ̀pọ̀ dísìkì òde òní, chip kékeré ẹlẹ́sẹ̀ 8 kan ló ń pa ìwọ̀n tó jẹ́ ti dísìkì yẹn nìkan mọ́. Ó gbọ́dọ̀ bá a lọ sórí pátákó tuntun. Nígbà mìíràn, kò sí ohun tó bàjẹ́ lára irin rẹ̀ rárá: ìran Seagate Barracuda 7200.11 ní àṣìṣe kan nínú fáwọ́ọ̀mù rẹ̀, ètò tó ń darí dísìkì, tó ń mú kí BIOS má rí dísìkì mọ́ lójijì, tí wọ́n fi tuntun ṣàtúnṣe sí ní ọdún 2009. Fáìlì inú irú dísìkì bẹ́ẹ̀ wà lódidi.

Bí dísìkì bá yọjú ṣùgbọ́n tí ìlà 05 tàbí C5 rẹ̀ nínú CrystalDiskInfo, iye ojú àwo tó ti ń bàjẹ́, ń gòkè, ẹ fi ddrescue, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà dísìkì tó ń ṣàìsàn, da gbogbo rẹ̀ sórí dísìkì mìíràn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ̀dà náà ni kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lé lórí.

Kí ẹ̀rọ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa, a máa ń pa á, a máa ń jẹ́ kó tutù, a sì ń tún un tàn ní ìgbà mẹ́wàá ó kéré tán. Bí dísìkì bá sọnù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́wàá yẹn, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ti ọmọkùnrin onífídíò yẹn, ó yọjú ní gbogbo ìgbà mẹ́wàá. Ó lọ ra dísìkì kejì lọ́jọ́ kan náà, a fi inverter da fídíò náà sí i mọ́jú, ó sì gbé ọ̀kan lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní Ìgbóna.